Eegun ti so, ọwọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ tí mo jábọ́ lórí ọ̀kadà ní Ìbàdàn, ṣòkòtò mi tó ya lórúnkún ló dùn mí jù. Mo ti na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kí ojú mi má baà gbá títì, bí gbogbo ẹni tó ń ṣubú ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ náà wú díẹ̀. Mo lè di ẹ̀ṣẹ́, mo lè na ìka, mo tilẹ̀ fi gbé korobá omi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí a jọ ń gbé yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó rọ́ lásán ni. Ká ní ó ṣẹ́ ni, o ò ní lè mì í." Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣáà lọ ya X-ray, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mi ò padà, torí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna mi lọ́jọ́ ìdána. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde. Èmi ò lè dìde. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tilẹ̀, ìrora gba ìdí àtàǹpàkò lọ sí apá bí iná. Alága ìjókòó rò pé mo ń fi ọ̀wọ̀ kún ọ̀wọ̀ ni, ló bá dá orin, ni wọ́n bá ń lẹ owó mọ́ mi lẹ́yìn. X-ray tí mo yà lọ́sẹ̀ kejì ló sọ òótọ́ fún mi: eegun kékeré kan ti dá sí méjì láti ọjọ́ ọ̀kadà, kò sì so pọ̀ títí di ọjọ́ náà.

Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́ pọ̀, inú rere ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé eegun nìkan ni gbogbo wa ń wò. Ta ló fẹ́ eegun? Ọwọ́ ni èèyàn fẹ́: èyí tó lè fún aṣọ, tó lè wé gèlè, tó lè ti ara sókè láti ìforíkanlẹ̀.

Wọ́n ní: bó bá ṣì ń mì, kò ṣẹ́

Irọ́ ni. Ẹran tó ń mi ìka kò sí ní ọrùn ọwọ́ rárá, apá ló wà. Ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú nísàlẹ̀ ìgúnpá díẹ̀, kí ẹ wá máa ká ìka ọ̀tún kò, kí ẹ máa nà án: ẹ ó gbọ́ bí ẹran apá ṣe ń sáré lábẹ́ ọwọ́ yín. Láti ibẹ̀ ni àwọn okùn iṣan ti gùn wá sí orí ìka, bí ọṣán gángan ṣe gùn láti ojú awọ kan dé èkejì. Ọrùn ọwọ́ kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá ni. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló há sí ihò tóóró kan ní iwájú ọrùn ọwọ́, àwọn àti iṣan kan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka. Eegun lè ṣẹ́ lábẹ́ wọn, kí okùn máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Eegun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Mẹ́jọ kéékèèké ni, wọ́n tò ní ẹsẹ̀ méjì, mẹ́rin mẹ́rin, orí eegun apá méjì ni wọ́n sì fara tì. Èyí tó wà lọ́wọ́ àtàǹpàkò nínú méjèèjì ni wọ́n ń pè ní radius. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tilẹ̀, nǹkan bí ìdá 80 nínú ìdá 100 ẹrù náà ló ń gba orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló sábà máa ń ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, torí eegun máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gun ọ̀kadà tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù, eegun kékeré tó jókòó sórí radius yìí ló máa ń gba ìyà náà nígbà púpọ̀. Scaphoid lorúkọ rẹ̀. Ó tóbi tó kóró kajú kan, ó sì tẹ̀ bíi kóró kajú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó wà, ẹ na àtàǹpàkò yín sẹ́yìn dáadáa. Kòtò kékeré kan á yọ ní ìdí rẹ̀, láàárín okùn iṣan méjì. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ máa ń da aṣáà sínú kòtò yìí kí wọ́n tó fà á símú, àwọn dókítà sì ń fi àpótí aṣáà pè é títí dòní. Ẹni tó bá ṣubú lé ọwọ́, tí ibẹ̀ ń dùn ún bó bá tẹ̀ ẹ́, kó ka ọwọ́ náà sí èyí tó ṣẹ́ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wíwú kò tó ẹ̀rí. Tèmi ò wú tó ti ẹni tí agbọ́n ta.

Wọ́n ní: X-ray ò rí nǹkan, nítorí náà kò sí nǹkan

Nínú scaphoid mẹ́wàá tó ṣẹ́, ọ̀kan tàbí méjì lè má hàn nínú X-ray àkọ́kọ́. Ojú ibi tó ṣẹ́ lè tín-ín-rín bí irun orí. Bó bá di ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ara á ti jẹ díẹ̀ kúrò ní etí méjèèjì, àlàfo á fẹ̀, X-ray á wá rí i. Ohun tí dókítà mi mọ̀ nìyẹn tó fi dá ọjọ́ fún mi. Ẹlòmíràn á fi POP, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun, dè é sílẹ̀ ná kí ọjọ́ náà tó pé, tàbí kó ní kí ẹ lọ ṣe MRI bí owó bá wà.

Kí ló wá fà á tí kóró kajú yìí fi le tó bẹ́ẹ̀ láti wò? Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ ń gba ìhà ìka wọlé, ó sì ń rìn sẹ́yìn lọ sí ìhà apá. Ẹ wo ilé tó wà ní ìparí àdúgbò, tí omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba gbogbo ojúlé yòókù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí páìpù bá bẹ́ láàárín, àwọn tó wà níwájú á máa pọnmi, tẹni ìkẹyìn á gbẹ. Bí scaphoid bá dá láàárín, ìdajì ẹ̀yìn lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ kó sì kú. Eegun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kì í so. Nítorí náà, radius tó ṣẹ́ lè kúrò nínú POP ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, scaphoid á máa wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Bó bá sún mọ́ ìhà apá, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí kò bá so, kì í pariwo. Ó lè dákẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n àwọn eegun tó yí i ká á ti máa rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́, ohun dídán tó bo orí wọn á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, títí eegun á fi máa ha eegun. Tèmi kò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n gé eegun díẹ̀ ní ìbàdí mi, wọ́n fi dí àlàfo náà, wọ́n wá fi súkúrù kan fa méjèèjì mọ́ra. Súkúrù yẹn, ọgbọ́n Timothy Herbert, oníṣẹ́ abẹ ará Ọsirélíà, ló wà nínú rẹ̀, ọdún 1984 ló kọ̀wé nípa rẹ̀. Kò ní orí. Eyín rẹ̀ wà ní ìparí méjèèjì, ṣùgbọ́n ti iwájú jìnnà síra ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí wọ́n ṣe ń yí i, iwájú ń yára wọlé ju ẹ̀yìn lọ, ni àlàfo ìdajì méjèèjì bá ń pa dé. Mo fẹ́ràn láti máa ronú nípa rẹ̀. Káfíńtà kankan tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún kò tíì ṣàì mi orí.

Wọ́n ní: POP ló ń jẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìtòkú, aláró ni wọ́n ní Abẹ́òkúta. Wọ́n yọ̀ ṣubú láàárín ìkòkò aró lọ́dún tí wọ́n pé ẹni ọdún 67. Ọrùn ọwọ́ òsì wọn tẹ̀ sókè lẹ́yìn, bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì tí a da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Ẹ̀rù POP ń bà wọ́n. Àwọn aládùúgbò gbé wọn lọ sí ilé teguntegun kan.

Mi ò ní bú teguntegun. Àwọn ni wọ́n wà níbi tí dókítà eegun kò sí, owó wọn kò wọ́n, àwọn míràn nínú wọn sì lè fi orí ìka mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa nílò X-ray láti mọ̀. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni ìdè. Eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ yóò máa wú fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Bí ọparun àti aṣọ bá ti le kankan láti ọjọ́ kìíní, kò sí ibi tí wíwú á gbà, inú ni á máa tẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè padà, kò ní lè wọlé mọ́, ẹran apá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí díẹ̀. Richard von Volkmann, ará Jámánì, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1881: ẹran náà á di ọ̀pá, á fa gbogbo ìka wọnú bí èékánná àṣá. Èyí tó bá burú jù lọ, ọwọ́ á dúdú, wọ́n á gé e. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gé e lóòótọ́, nítorí náà ilé ìwòsàn ló ń gba orúkọ. Ìdè ló ti pa á kó tó débẹ̀.

Kí n má parọ́, POP náà lè le jù. Ẹ̀rí kan náà ni: ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kó máa rọ̀, pàápàá bí ẹnìkan bá na ìka náà, ìka tó funfun tàbí tó dúdú, tó tutù, tó ń kú, tó dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Nǹkan bí aago kan òru ni Màmá Ìtòkú ń pariwo. Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ ìdè náà. Bí ó ṣe tú, àwọ̀ padà sí ìka wọn lójú mi, láti orí èékánná lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ṣì wà nílẹ̀. Teguntegun náà ti kán adìẹ kan lẹ́sẹ̀, ó to òun náà, ó ní bí adìẹ bá ti rìn, ọwọ́ Màmá ti jinná. Eegun ẹyẹ máa ń yá so ju ti èèyàn lọ, torí náà ìròyìn ayọ̀ ni adìẹ máa ń mú wá nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n adìẹ kì í fún aṣọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe teguntegun ló ń so eegun pọ̀, kì í sì í ṣe dókítà. Ara ni. Ẹ̀jẹ̀ á dì yí ibi tó ṣẹ́ ká, ohun rírọ̀ kan á hù níbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá, á wá máa le di eegun, lẹ́yìn náà ni ara á máa fá a, á máa tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù. Iṣẹ́ gbogbo àwa yòókù ni kí a bá a dì í mú sí ojú ibi tó yẹ, kí a má sì dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Wọ́n ní: ọwọ́ tó bá wọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn

Ilé ìwòsàn tí a gbé Màmá Ìtòkú lọ lẹ́yìn tí mo tú ìdè náà fún wọn ní abẹ́rẹ́ ìpa-ìrora, wọ́n fa ọwọ́ náà, wọ́n to eegun rẹ̀ pa dà, wọ́n fi POP dì í. Lọ́sẹ̀ kejì, X-ray fi hàn pé ó ti yẹ̀ díẹ̀, bí eegun àgbàlagbà ṣe sábà máa ń ṣe. Ọmọ wọn bínú, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Dókítà ní ká fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni dókítà sọ. Abraham Colles, oníṣẹ́ abẹ ní Dublin, kọ ọ̀rọ̀ nípa irú ṣíṣẹ́ yìí ní 1814, ọdún 81 kí Röntgen tó ṣàwárí X-ray. Ojú àti ìka lásán ló fi mọ̀ ọ́n, bíi teguntegun. Ó sọ pé ọwọ́ náà lè máa wọ́ bẹ́ẹ̀ títí, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ìrora á tán, ọwọ́ á sì máa ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn lọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ sí lára. Lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ agbára, wíwọ́ lè fa wàhálà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi irin dì í. Lọ́wọ́ àgbàlagbà, X-ray tó burú àti ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè jẹ́ ti ẹnìkan náà. Lọ́wọ́ ọmọdé ńkọ́? Eegun wọn ṣì ń dàgbà, ó sì máa ń tún ara rẹ̀ tò débi pé bí ọdún méjì bá kọjá, ẹ lè máa wá ibi tó ṣẹ́ tì.

Wọ́n ní: má mì í rárá, kó lè so dáadáa

Nínú gbogbo wọn, èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí àwọn onígbọràn ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò ní mi ìka kan. Bí wọ́n bá tú POP, eegun ti so, ọwọ́ ti di ṣíbí igi. Ibi tó ṣẹ́ nìkan la ní kó dúró. Ìka, ìgúnpá àti èjìká kò ṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti máa ká ìka kò, kí ẹ máa nà án tán, kí ẹ máa gbé apá ré kọjá orí. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ, kí wíwú lè fà. Tí ó bá ń yún yín nínú POP, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọwọ̀ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́.

Kí ẹ lè mọ bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń jọba lórí ìka, ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ yín wálẹ̀ dé ibi tó lè dé, kí ẹ wá di ẹ̀ṣẹ́. Kò dì, àbí? Ó rọ bí ẹ̀kọ. Ẹ wá gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ tún un dì: agbára dé. Ìka yín kò yí padà. Gígùn okùn iṣan ló yí padà. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá gan sí ìsàlẹ̀ kò ní lè di ọmọ odó mú dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka kan kò ṣẹ́ lára rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá tú POP ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, fífún kànìnkànìn nínú bàsíà, yíyí àtẹ́lẹwọ́ sókè sódò bí ẹni tó ń ṣí kọ́kọ́rọ́. Ó lè gba ọdún kan gbáko kí agbára tó dé ibi tó lè dé.

Nǹkan méjì ni ẹ ò gbọdọ̀ fi sùúrù dúró dè. Bí àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín bá ń kú, iṣan ìmọ̀lára tí mo mẹ́nu bà lókè ni nǹkan ń tẹ̀. Èkejì yani lẹ́nu: radius tó kàn sán, tí kò yẹ̀ rárá, lè máa jinná lọ, kí okùn tó ń gbé àtàǹpàkò sókè sì já lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìsí ìrora tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ á kàn jí láàárọ̀, àtàǹpàkò á dùbúlẹ̀, kò ní dìde. Iṣẹ́ abẹ ló ń tún un ṣe.

Àwọn ohun yòókù tí wọ́n ń sọ kò tó ìjà. Irin inú ọwọ́ mi kò ní dípẹtà, kò sí bí òjò ṣe lè rọ̀ tó. Bọ́kọ̀tọ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà tó lọ sí ọrùn ọwọ́ ju ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja lọ. Sìgá tí ẹ kò bá mu ló máa ran eegun lọ́wọ́ ju abọ́ bọ́kọ̀tọ̀ lọ. Wọ́n tún ní eegun tó bá ti ṣẹ́ rí máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán nìyẹn.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìṣubú wọn ni Màmá Ìtòkú pè mí wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ òsì wọn ṣì wọ́ díẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ á rí i. Wọ́n ki ìgàn àdìrẹ kan bọ omi, wọ́n fún un lọ́wọ́ méjèèjì, iṣan ọrùn wọn yọ. Wọ́n jù ú sí mi. "Yẹ̀ ẹ́ wò." Mo yẹ̀ ẹ́ wò, omi ṣì ń kán sí bàtà mi. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n gba aṣọ náà padà lọ́wọ́ mi láìsọ nǹkan kan, wọ́n sì tún un fún.